Ẹnu Mi Náà Dáhùn

Ilẹ̀kùn ẹ̀yìn mọ́tò Àǹtí mi, ti apá òsì, kò ṣeé ṣí láti inú. Nítorí àwọn ọmọ ni wọ́n ṣe tì í bẹ́ẹ̀, kí wọ́n má baà ṣí i nígbà tí mọ́tò bá ń sáré. Ibẹ̀ ni mo máa ń jókòó. Bí a bá dé ibi tí à ń lọ, gbogbo wọn á ti sọ̀ kalẹ̀, èmi á gbé kúlà oúnjẹ lé itan, n ó máa wo ìta láti ojú fèrèsé títí ẹnì kan á fi rántí wá ṣílẹ̀kùn fún mi. N kì í pe ẹnikẹ́ni. Wọ́n máa ń rántí.

Ibẹ̀ náà ni mo jókòó sí ní Sátidé tí a lọ kí àwọn ṣọ́ọ̀ṣì àtijọ́.

Àǹtí tí mò ń sọ yìí, àbúrò bàbá mi ni. Lẹ́yìn tí bàbá mi kú ni wọ́n wá mú mi ní Ẹ̀pẹ́ wá sí ilé wọn nínú ẹ̀sítéètì kan ní Ìkòròdú, lápá Ìtamágà. Wọ́n ní àwọn á rán mi níléèwé, wọ́n sì rán mi lóòótọ́. Ìgbà tí wọ́n bí àbíkẹ́yìn wọn ni wọ́n ní kí n sinmi díẹ̀ ná, nítorí Èkó ni tọkọtaya ti ń ṣiṣẹ́. Kí ilẹ̀ tó mọ́, wọ́n ti jáde. Ilẹ̀ á ti ṣú kí wọ́n tó wọlé. Inú ìsinmi yẹn ni mo wà di òní.

N kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé wọ́n fìyà jẹ mí. Wọn kò nà mí rí. Oúnjẹ tí wọ́n ń jẹ ni mò ń jẹ, bí wọ́n bá sì ra aṣọ ọdún fún àwọn ọmọ wọn, wọ́n á ra tèmi. Ìwé katikísìmù àti ìwé orin ìjọ tó wà nínú ilé wọn ni mo fi kọ́ bí mo ṣe ń ka Yorùbá tí mo sì ń kọ ọ́. Bí àlejò bá bèèrè ẹni tí mo jẹ́, Àǹtí á ní, “Ọmọ wa ni.” Ohun tó jẹ́ kó ṣòro fún mi láti la ẹnu nìyẹn. Kí lèèyàn fẹ́ sọ fún ẹni tó ń pè é ní ọmọ?

Ìyá mi ṣì wà ní Ẹ̀pẹ́. Ẹja ni wọ́n ń yan létí ọ̀sà. Láti kékeré mi ni mo ti mọ̀ pé èéfín kì í kúrò lára aṣọ wọn, àní bí wọ́n bá wẹ̀ tí wọ́n da ìborùn tuntun bo orí láti lọ kírun ní mọ́ṣáláṣí. Mùsùlùmí ni wọ́n, ìjọ Kátólíìkì sì ni bàbá mi ń lọ, kò sí ìjà kankan lórí ẹ̀ nílé wa. Èéfín yẹn ti wá ba ojú wọn jẹ́. Lórí fóònù ni wọ́n ti sọ fún mi.

“Bí ìgbà tí èèyàn la ojú sílẹ̀ nísàlẹ̀ omi ló rí,” wọ́n ní. “Àwọ̀ tó bá mọ́lẹ̀ ni mo ṣì ń rí dáadáa. Wá, ọmọ mi, jẹ́ kí n rí ẹ. Ojú ẹ ìgbà tí o wà lọ́mọdé ni mo mọ̀. N kò mọ bó ṣe rí báyìí.”

Mo bi Àǹtí bóyá mo lè lọ. Wọ́n ní kí n jẹ́ kí àwọn ọmọ parí ìdánwò. Nígbà tí ìdánwò parí, mo tún bi wọ́n. Wọ́n ní òjò ti bẹ̀rẹ̀, ọ̀nà kò dáa. Kò sí ìgbà kankan tí wọ́n sọ pé rárá. Àmọ́ mo gbọ́ wọn ní àárọ̀ ọjọ́ kan tí mò ń fọ abọ́ nínú kíṣìnì, tí wọ́n ń bá ọkọ wọn sọ̀rọ̀ ní pálọ̀.

“Bó bá lọ, kò ní padà. Ìyá ẹ̀ ò ní jẹ́ kó padà. Ta ló fẹ́ máa mú àwọn ọmọ yìí níléèwé?”

Ọkọ wọn, tí gbogbo wa ń pè ní Dádì, ń ro tíì lọ. Ìró ṣíbí wọn ni mo ń gbọ́.

Èèyàn lè ní kí ló dé tí n kò kàn wọ ọkọ̀ kí n máa lọ. Àwọn ọlọ́dẹ tó ń ṣọ́ géètì ẹ̀sítéètì mọ̀ mí, bí mo bá gbé báàgì kọ́ èjìká, wọ́n á pe Àǹtí lórí fóònù kí n tó dé títì. Ṣùgbọ́n kì í ṣe géètì náà nìkan. Àbíkẹ́yìn yẹn, ẹ̀yìn mi ló wà láti ọjọ́ ìkómọ rẹ̀. Bí mo bá pẹ́ nínú ilé ìwẹ̀, á wá jókòó sẹ́nu ilẹ̀kùn, á máa pè mí, “Sísí, ṣé o ṣì wà níbẹ̀?” Ta ni n ó fi í sílẹ̀ fún?

Fáàdà ìjọ wa ló sọ lọ́jọ́ Àìkú kan pé kí ìdílé kọ̀ọ̀kan mú àwọn ọmọ wọn lọ wo àwọn ṣọ́ọ̀ṣì àtijọ́ tó wà lágbègbè wa, kí wọ́n mọ ibi tí ẹ̀sìn ti bá àwọn bàbá wọn, kí wọ́n sì mọ àwọn ẹni mímọ́ tí wọ́n fi sọrí ṣọ́ọ̀ṣì wọ̀nyẹn. Inú Dádì dùn sí i. Wọ́n ní a ó bẹ̀rẹ̀ ní Ìkòròdú, a ó kọjá sí Ìmọ́tà, a ó sì parí ẹ̀ ní Ẹ̀pẹ́, ní ṣọ́ọ̀ṣì tí bàbá Àǹtí, ìyẹn bàbá bàbá tèmi náà, ti jẹ́ kátíkíìsì, tí wọ́n ń kọ́ àwọn èèyàn ní ẹ̀sìn kí wọ́n tó ṣèrìbọmi. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ṣèrìbọmi fún mi.

Nígbà tí mo gbọ́ Ẹ̀pẹ́, mo rọra fi abọ́ ọwọ́ mi sílẹ̀ kó má baà já bọ́.

Aṣọ yẹ́lò ni mo wọ̀ lọ́jọ́ náà. Aṣọ mìíràn wà tó yẹ fún ṣọ́ọ̀ṣì jù ú lọ, ṣùgbọ́n mo rántí ọ̀rọ̀ àwọ̀ tó mọ́lẹ̀. Àkọ́bí Àǹtí, ọmọkùnrin tí ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́, rí mi, ó pariwo.

“Ẹ wò ó, Sísí ti di dáńfó! Òṣòdì, Òṣòdì, wọlé pẹ̀lú ṣéńjì ẹ o!”

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín. Àǹtí wo aṣọ náà láti òkè dé ilẹ̀. “Ṣé ọjọ́ ìbí là ń lọ ni?” Mo ní rárá, mà. Wọ́n ní ó dáa, kí n má gbàgbé ṣíbí tí a ó fi bu oúnjẹ.

Ní ṣọ́ọ̀ṣì tí a kọ́kọ́ yà ní Ìkòròdú, ère Ántóní Mímọ́ wà lápá ọ̀tún, ó gbé Jésù ọmọ ọwọ́ dání. Ẹsẹ̀ ère náà ń dán nítorí ọwọ́ tí àwọn èèyàn fi ń kàn án. Dádì ṣàlàyé pé òun ni wọ́n ń ké pè bí nǹkan bá sọnù.

“Kó bá wa wá rìmóòtù,” àkọ́bí ní.

“Ẹni mímọ́ kì í wá rìmóòtù.”

“Kọ́kọ́rọ́ mọ́tò yín tó sọnù ńkọ́, Dádì? Ṣebí ẹ ń pariwo ‘Ántóní Mímọ́, ẹ gbà mí’ káàkiri ilé?”

“Kọ́kọ́rọ́ yàtọ̀,” ni Dádì wí, ó sì di ẹ̀rín. Èmi náà fi ọwọ́ kan ẹsẹ̀ ère náà. Ó tutù. N kò sọ ohunkóhun sí i, nítorí ohun tí mò ń wá kò sọnù. Mo mọ ibi tó wà.

Ìmọ́tà ni a ti jẹun. A kọjá ilé iṣẹ́ ìrẹsì ńlá tó wà níbẹ̀, a yà sí ọ̀nà amọ̀, a dé ṣọ́ọ̀ṣì kékeré kan tí páànù rẹ̀ ti pọ́n. Àwòrán Lúsíà Mímọ́ wà lára ògiri níbẹ̀. Ọmọbìnrin ni, ó gbé àwo dání, ẹyinjú méjì sì wà nínú àwo náà bí ìgbà tí wọ́n bu ẹja síwájú àlejò. Àbíkẹ́yìn rí i, ó sá sẹ́yìn mi, ó fi aṣọ yẹ́lò mi bo ojú.

“Kí ló dé tó gbé ojú sínú àwo?”

“Àwọn ọ̀tá ẹ̀sìn ni wọ́n yọ ojú ẹ̀,” Dádì ní. “Ṣùgbọ́n Ọlọ́run fún un ní òmíràn. Bí ojú ẹnì kan ò bá ríran dáadáa, òun ni wọ́n ń bẹ̀ kó bá wọn bẹ Ọlọ́run.”

Àǹtí wo ojú mi, lẹ́yìn náà wọ́n wo ilẹ̀. Mo mọ̀ pé ohun kan náà ló wá sọ́kàn àwa méjèèjì. Ọ̀rọ̀ náà ti dé ọ̀nà ọ̀fun mi. “Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, bí a bá dé Ẹ̀pẹ́.” Kò pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Dípò kí n sọ ọ́, mo ń fi ọwọ́ na aṣọ tí àbíkẹ́yìn ti rún.

“Ìrẹsì yẹn ti ń tutù nínú kúlà,” Àǹtí ní. “Lọ bù ú fún wọn.”

Mo lọ bù ú.

Láti Ìmọ́tà, ọkọ̀ ń lọ, mo ń ka àwọn igi ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà bí ẹni ń ka ìlẹ̀kẹ̀ àdúrà. A gun afárá Ìtòìkín. Mo rí omi nísàlẹ̀, mo rí àwọn ọkọ̀ ojú omi. Nígbà tí a wọ Ẹ̀pẹ́, òórùn ẹja yíyan wọlé láti fèrèsé, àkọ́bí di imú, ó ní kí wọ́n yí i sókè. Dádì yí i sókè. Mo rí ìyànà tó lọ sí ọ̀nà ọ̀sà. Láti ibẹ̀ dé ọ̀dọ̀ ìyá mi kò jìn ju ibi tí wọ́n máa ń rán ọmọdé lọ ra iyọ̀. A kọjá a.

Ìyá àgbà kan tó di kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀ṣì náà mú ló pàdé wa lẹ́nu ọ̀nà, pẹ̀lú ìgbálẹ̀ lọ́wọ́. Wọ́n dì mọ́ Àǹtí, wọ́n ń pè wọ́n ní ọmọ kátíkíìsì. Ẹ̀yìn ìyẹn ni wọ́n wá yí sí mi, mo sì kúnlẹ̀.

“Ta nìyí? Ẹ má sọ fún mi, ẹ jẹ́ kí n wò ó.” Wọ́n di àgbọ̀n mi mú. “Hà! Iwájú orí bàbá ẹ rèé. Kò ṣeé fi pamọ́. Ṣé o ti dé ọ̀dọ̀ ìyá ẹ?”

Mo wo Àǹtí.

“A máa yà níbẹ̀, Màmá,” ni Àǹtí wí.

Kí n sọ òtítọ́, ara mi fúyẹ́ débi pé n kò mọ ìgbà tí mo wọ inú ṣọ́ọ̀ṣì. Dádì fi ibi tí bàbá àgbà máa ń dúró sí hàn wá, àti ìkòkò òkúta tí omi ìrìbọmi ń wà nínú rẹ̀. Wọ́n ní inú ẹ̀ ni wọ́n ti rì mí bọ omi. Mo wo inú ìkòkò náà. Òfìfo ni, eruku sì wà nísàlẹ̀ ẹ̀. Ẹ̀yìn mi ni mo ti gbọ́ tí Àǹtí ń sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ sí Dádì.

“Ká tètè gbàdúrà ká máa lọ. N kò fẹ́ kí ilẹ̀ ṣú mọ́ wa lọ́nà.”

“O ní a máa yà.”

“Ṣé kí n máa bá ìyá àgbà jiyàn ni?”

Ara tó fúyẹ́ yẹn tún wúwo padà. A kúnlẹ̀ síwájú pẹpẹ.

Nílé wa, bí a bá ń gbàdúrà ìrọ̀lẹ́, kálukú ló máa ń mú ẹ̀bẹ̀ tirẹ̀ wá, láti orí ọmọdé lọ sórí àgbà, bí wọ́n ṣe ń ṣe é nínú Máàsì. Ẹni tó ń gbàdúrà á sọ ohun tó ń tọrọ, á wá parí ẹ̀ pẹ̀lú “Ẹ jẹ́ kí á gbàdúrà sí Olúwa.” Gbogbo ilé á dáhùn pé, “Olúwa, gbọ́ àdúrà wa.” Ó ti mọ́ wa lára débi pé bí àkọ́bí bá ń tòògbé, á dáhùn kó tó la ojú. Ẹ̀bẹ̀ tèmi kì í yí padà: fún gbogbo àwọn tó ń rìnrìn àjò. Ojú máa ń tì mí láti sọ òmíràn. Àkọ́bí ti mọ̀ ọ́n, bó bá kàn mí, á ti fi ẹnu sọ ọ́ láìjẹ́ kí ohùn jáde, kí n lè rẹ́rìn-ín kí Àǹtí bá mi wí.

Àbíkẹ́yìn kọ́kọ́ gbàdúrà fún ọmọ ajá aládùúgbò. A dáhùn. Àkọ́bí gbàdúrà fún ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù rẹ̀. A dáhùn. Ó kàn mí. Ó ti ń wò mí, ó ti ya ẹnu sílẹ̀ fún àwọn arìnrìn-àjò.

“Fún ìyá mi,” ni mo wí.

Àkọ́bí pa ẹnu dé.

“Fún ìyá mi tó wà nílùú yìí, tí ojú ń dùn wọ́n, pé kí Olúwa jẹ́ kí n rí wọn lónìí, kí wọ́n sì rí mi, kí ojú wọn tó ṣú. Ẹ jẹ́ kí á gbàdúrà sí Olúwa.”

“Olúwa, gbọ́ àdúrà wa!”

Gbogbo wọn ló dáhùn. Ìyá àgbà tó ń gbálẹ̀ lẹ́yìn dáhùn. Mo gbọ́ ohùn Àǹtí kedere láàárín ohùn wọn, ó jáde kí wọ́n tó mọ̀. N kò tíì sọ̀rọ̀ gùn tó bẹ́ẹ̀ níwájú wọn rí. Mo rò pé ó parí. Mo rò pé ẹni tó bá ti bẹ Ọlọ́run níwájú pẹpẹ kan náà pẹ̀lú mi kò tún lè gbé mi kọjá ìyànà yẹn.

Àǹtí ló kàn. Wọn kò gbé orí sókè. Ohùn wọn rọ̀ bí ìgbà tí wọ́n bá ń rẹ ọmọ lẹ́kún.

“Fún ọmọ wa tó ń gbé lọ́dọ̀ wa,” wọ́n ní, “tí a fẹ́ràn, pé kí Olúwa fún un ní ọkàn tó balẹ̀, kó fi sùúrù dúró tì wá títí àwọn àbúrò ẹ̀ á fi dàgbà. Ẹ jẹ́ kí á gbàdúrà sí Olúwa.”

“Olúwa, gbọ́ àdúrà wa.”

Ẹnu mi wà níbẹ̀. Mo gbọ́ ohùn ara mi nínú ohùn wọn. Nígbà tí mo fi máa mọ ohun tí mo dáhùn sí, ó ti lọ.

Níta, Dádì fi kọ́kọ́rọ́ gbá àtẹ́lẹwọ́. “Mọ́mì, bá a bá kàn yà níbẹ̀ ká kí wọn, kò ní pẹ́.”

“Ẹ̀yin náà gbọ́ ohun tá a gbàdúrà fún,” Àǹtí ní. “Gbogbo wa la dáhùn. Òun náà dáhùn.”

“Àdúrà méjì la gbà.”

“Olúwa á mọ èyí tó fẹ́ kọ́kọ́ gbọ́. Ẹ wọ mọ́tò, ọjọ́ ń lọ.”

Ohùn wọn kò le. Ojú wọn pọ́n bí ti ẹni tó fẹ́ sunkún, mo sì mọ̀ pé ẹ̀rù ń bà wọ́n. Ká ní wọ́n bú mi ni, bóyá ǹ bá ti dúró síbẹ̀ kí n ní n kò lọ. Àbíkẹ́yìn di ọwọ́ mi mú, ó fà mí. Mo wọlé. Dádì pa ilẹ̀kùn dé láti ìta.

A dé ìyànà náà. Dádì dín eré kù díẹ̀, wọ́n wo Àǹtí. Àǹtí ń wo iwájú. A kọjá.

A ò tíì gun afárá tí fóònù mi fi dún nínú báàgì. Ìyá mi ni.

“Ìyá tó ń gbálẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì yín kọjá lọ́dọ̀ mi,” wọ́n ní. “Wọ́n ní o wá. Wọ́n ní ẹ máa yà. Mo ti jókòó síta.”

“A ti ń lọ, Màmá.”

Mo ń gbọ́ iná tó ń ta lábẹ́ ẹja.

“Aṣọ wo lo wọ̀?”

“Yẹ́lò ni, Màmá.”

“Yẹ́lò,” wọ́n ní. “Ṣé ó mọ́lẹ̀ dáadáa?”

“Ó mọ́lẹ̀, Màmá.”

“Ó dáa. Mo ti ń wò ó.”

Nígbà tí a délé, wọ́n gbàgbé mi nínú mọ́tò fún ìgbà díẹ̀. Àbíkẹ́yìn ló padà wá ṣí ilẹ̀kùn, ó fi ọwọ́ méjèèjì fà á.

Láti ọjọ́ náà, n kò gbàdúrà fún àwọn arìnrìn-àjò mọ́. Ní ìrọ̀lẹ́, bó bá kàn mí, ìyá mi ni mò ń dárúkọ, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ kan náà tí mo sọ níwájú pẹpẹ yẹn, gbogbo ilé á sì dáhùn, Àǹtí pẹ̀lú wọn, nítorí wọn kò lè dákẹ́ níwájú àwọn ọmọ wọn. Àǹtí náà kò sì yí tiwọn padà: ọkàn tó balẹ̀, kí n fi sùúrù dúró. Bí wọ́n bá dé ìparí ẹ̀, mo máa ń di ètè mi mọ́ra.

“Mọ́mì, Sísí ò dáhùn,” ni àbíkẹ́yìn wí ní ìrọ̀lẹ́ àkọ́kọ́.

“Fi í sílẹ̀,” Àǹtí ní.

Síbẹ̀, wọ́n máa ń dúró díẹ̀ kí àdúrà tó tẹ̀ síwájú, ojú dídì, bí ẹni tó ń retí ohùn kan ṣoṣo tó kù. N kì í fún wọn.